Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Atọ́nà?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ọ̀wọ́ ìtàn àròsọ onídán kan dé ìdìpọ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún yóò ti bá irú ojú ìwé yìí pàdé: wọn yóò dárúkọ ọkùnrin kan, gbogbo àwọn tí ó wà ní ìjókòó yóò dákẹ́ nítorí orúkọ náà, òǹkàwé nìkan ni kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé inú ìdìpọ̀ kejì ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin ọ̀hún, lẹ́nu ìránṣẹ́ kan tí ó ń sọ nípa ogun tí ó ti parí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kì í dá ọ̀rọ̀ dúró láti rán wa létí, nítorí pé àwọn tí ó wà nínú yàrá náà mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Irú àlàfo báyìí ni ìwé atọ́nà wà láti dí. Ìwé tí a kọ láti máa bá ìtàn rìn ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí ó to orúkọ ènìyàn, ìlú, odò, ogun àti ohun ìjà ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó ya máàpù, tàbí tí ó to ọdún tẹ̀lé ọdún, tàbí tí ó fi ìran ìdílé hàn láti orí baba ńlá dé orí ọmọ ìkẹyìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fẹ́ lọ́wọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju pé kí ó rán wọn létí ohun tí wọ́n ti gbàgbé. N kò fojú kéré iṣẹ́ yẹn, nítorí pé ìtàn kì í dùn mọ́ ẹni tí kò mọ ẹni tí ń ṣe é. Síbẹ̀, mo gbà pé èyí ni ó kéré jù nínú àǹfààní rẹ̀. Ìwé atọ́nà a máa so èso púpọ̀ nígbà tí a bá kà á bí ìgbà tí adájọ́ ń gbọ́ ẹ̀rí: kí a béèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí a béèrè ibi tí ó dúró sí tí ó fi rí ohun tí ó ń sọ, kí a sì béèrè ọdún tí ìmọ̀ rẹ̀ dé kí ó tó dákẹ́. Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí ohun púpọ̀ nínú ayé àròsọ náà tí ìtàn gan-an kò fi ẹnu rẹ̀ sọ.

Ọ̀dọ̀ J. R. R. Tolkien ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe ìwé atọ́nà fún ayé tí ó dá. The Lord of the Rings jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, méjì ní 1954, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹwàá 1955, àwọn àfikún tí ó wà lẹ́yìn ìdìpọ̀ kẹta yẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí ó pẹ́. Àfikún mẹ́fà ni. Àkọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn ọba, èkejì to ọdún àti ọjọ́, ẹ̀kẹta fi ìran àwọn ìdílé hobbit, àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn náà, hàn, ẹ̀kẹrin ṣàlàyé kàlẹ́ńdà wọn, méjì tí ó kù sì dá lórí ọ̀nà ìkọ̀wé àti èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa ìwé dé nígbà tí ìtàn bá parí, wọn kì í sì í dé ibẹ̀ rárá. Ó dùn mí fún wọn, nítorí pé apá kan ìtàn gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ wo àfikún kejì, níbi tí a ti to ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún ogun náà ní ọjọ́ dé ọjọ́. Nínú ìtàn, Frodo àti Sam, hobbit méjì tí wọ́n ń lọ pa òrùka burúkú kan run, ni ojú wa ń tẹ̀lé lọ sí Mordor, ilẹ̀ ọ̀tá, bí ó bá sì kúrò lára wọn, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń jà níwájú Minas Tirith ni ó ń lọ. Àtòjọ ọjọ́ náà wá gbé wa sókè láti rí ibi tí ó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ja ogun ńlá ní pápá Pelennor, àwọn ọ̀tá tún ń kọlu Lórien, ìjà sì ń lọ lábẹ́ igi nínú igbó Mirkwood. Ní ọjọ́ 17 ni ogun Dale, níbi tí Ọba Brand àti Ọba Dáin ti ṣubú. Dáin yìí kan náà ni ẹni tí ó kó ọmọ ogun wá gba Thorin, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, sílẹ̀ lójú ìjà nínú The Hobbit, ìwé ọdún 1937. Ọba tí a ti mọ̀ láti ìgbà náà kú, ìlà kan ni ó sì gbà nínú àtòjọ. Mo máa ń dúró pẹ́ lórí ìlà yẹn. Ó fi yé mi pé ogun náà tóbi ju ohun tí ojú àwọn hobbit lè ká lọ, àti pé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtàn náà mọ sí ibi tí ojú wọn mọ. Bí kò bá sí àfikún, a ó kàn máa rò pé ibi tí ìtàn dé ni ayé náà pin sí.

Ta wá ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Tolkien ṣe é bí ẹni pé òun kàn rí ìwé àtijọ́ kan tí Bilbo (hobbit tí The Hobbit dá lé lórí), Frodo àti Sam kọ ni, tí òun sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni ó fi èyí ṣe. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Hobbit, Gollum fínnúfíndọ̀ fi òrùka rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn tí ẹni tí ó bá jáwé olúborí nínú àlọ́ yóò gbà. Nígbà tí Tolkien ń kọ ìtàn tí ó tẹ̀lé e, èyí kò bá irú òrùka tí ó ti dà mọ́, nítorí náà ó tún orí ìwé yẹn kọ, ẹ̀dà tuntun sì jáde ní 1951. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ di ohun ìgbàgbé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú The Lord of the Rings pé Bilbo ti kọ́kọ́ parọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa bí ó ṣe rí òrùka náà, irọ́ yẹn gan-an sì wà lára àmì pé òrùka ti ń nípa lórí rẹ̀. Àtúnṣe tí òǹkọ̀wé ṣe sí ìwé rẹ̀ wá di àbùkù inú ẹ̀rí ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà tí mo ti lóye èyí ni n kò ti lè ka ìwé atọ́nà kankan láìbéèrè ẹni tí ó kọ ọ́ nínú ayé tí ó ń ṣàlàyé.

Àwọn òǹkàwé mìíràn tẹ̀lé Tolkien pẹ̀lú iṣẹ́ tiwọn. Robert Foster gbé A Guide to Middle-earth (Middle-earth ni orúkọ ilẹ̀ inú ìtàn Tolkien) jáde ní 1971, ó sì mú un gbòòrò sí i ní 1978, ó pè é ní The Complete Guide to Middle-earth. Ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì: Tolkien kú ní 1973, ọmọ rẹ̀ Christopher sì tún The Silmarillion ṣe, ó jáde ní 1977. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ nípa Sànmánì Kìíní, ìgbà àtijọ́ ayé náà, kò ju ohun tí ó fara hàn nínú orin, nínú àfikún àti nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà inú ìtàn ń sọ ní ìdákúrekú. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìtàn odindi wà nílẹ̀. Orúkọ kan náà wà nínú ìwé méjèèjì, ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò dọ́gba mọ́. Christopher Tolkien alára yin iṣẹ́ Foster nínú Unfinished Tales ní 1980, ó ní òun máa ń lò ó léraléra, n kò sì rò pé ẹ̀rí kan wà tí ó ju èyí lọ fún ẹni tí ó ṣe ìwé atọ́nà.

Síbẹ̀ náà, ìwé 1978 ní ibi tí ó dákẹ́ sí. Láti 1983 sí 1996, Christopher gbé ìdìpọ̀ méjìlá The History of Middle-earth jáde, níbi tí ó ti fi àwọn àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ti jẹ́wọ́ pé bí òun ṣe fi ọba kan tí ń jẹ́ Gil-galad ṣe ọmọ ọba mìíràn, Fingon, nínú The Silmarillion kò tọ̀nà, pé kì í ṣe ibẹ̀ ni èrò bàbá òun parí sí. Ẹni tí ó bá mú ìwé 1978 lọ́wọ́ kò lè rí àtúnṣe yẹn níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi Foster. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé ṣe ni pé kí ó wo ọdún tí a tẹ ìwé kí ó tó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo máa ń kọ ọdún náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé atọ́nà tí mo bá ní, pẹ̀lú orúkọ ìdìpọ̀ tí ó jáde kẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé Foster ni pé ó ń sọ ojú ìwé tí ó ti rí ohun tí ó kọ. Ìwé atọ́nà tí kò bá sọ ibi tí ó ti mú ọ̀rọ̀ wá ń ní kí a gba òun gbọ́ lásán, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá sọ ọ́ ń rán wa padà sínú ìtàn láti lọ fi ojú ara wa rí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀nà ìkàwé tí mo gbádùn jù lọ, èyí tí mo máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń ka ọ̀wọ́ kan ní ẹ̀ẹ̀kejì. N óò mú ibì kan, tàbí idà kan, tàbí ìdílé kan, n óò sì tẹ̀lé e láti ojú ìwé dé ojú ìwé jákèjádò gbogbo ìdìpọ̀, láìbìkítà nípa ibi tí ìtàn ńlá ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi Moria ṣe àpẹẹrẹ, ìlú abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ ti àwọn Dwarf, ìran kúkúrú tí Thorin àti Dáin ti wá. Nínú orí kìíní The Hobbit, Gandalf, oṣó inú ìtàn náà, sọ fún Thorin pé inú ihò Moria ni ọ̀tá wọn, Azog, ti pa Thrór, bàbá bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọjá wẹ́rẹ́, ẹni tí ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní fi ṣe nǹkan kan. Nínú ìdìpọ̀ kìíní The Lord of the Rings, Dwarf kan tí ń jẹ́ Glóin wá sọ níbi ìpàdé Elrond pé Balin, Dwarf ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti kó àwọn ènìyàn lọ sí Moria, àti pé Dáin kò fi tinútinú fún un láṣẹ láti lọ. A kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a dé ibojì Balin. Ìdí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àfikún kìíní, ní apá tí ó sọ nípa ìran Durin: nígbà tí àwọn Dwarf ja ogun ẹ̀san níwájú ẹnubodè Moria ní ọdún 2799, Dáin, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ni ó pa Azog, òun nìkan ni ó sì wo inú ẹnubodè náà. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní kí wọ́n má wọlé, nítorí pé ohun tí ó lé àwọn baba wọn jáde ṣì wà nínú òkùnkùn níbẹ̀. Ó tó àádọ́wàá ọdún lẹ́yìn náà kí Balin tó lọ. Ẹni tí ó bá tún padà ka ọ̀rọ̀ Glóin lẹ́yìn èyí yóò gbọ́ ìbẹ̀rù ọba kan nínú gbólóhùn tí ó ti fo kọjá tẹ́lẹ̀. Tolkien kò kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ sí ojú kan fún wa. Orúkọ tí a tẹ̀lé láti inú ìwé atọ́nà ni ó kó wọn jọ.

Máàpù náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Karen Wynn Fonstad, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa yíya máàpù, gbé The Atlas of Middle-earth jáde ní 1981, ó sì tún un ṣe ní 1991 nígbà tí àwọn àkọsílẹ̀ tuntun ti ń jáde. Ó ka gbogbo ìtàn náà bí ẹni tí ń wọn ilẹ̀: ó wá gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn arìnrìn-àjò rìn fún wákàtí mélòó kan tàbí máìlì mélòó kan, ó fi wọ́n wé máàpù Tolkien, ó sì ya ọ̀nà tí wọ́n gbà pẹ̀lú ibi tí wọ́n sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ya ogun kọ̀ọ̀kan, ó ya ilé àti ihò, ó tún ya máàpù ojú ọjọ́, ti ewéko àti ti èdè. Nígbà tí mo bá ka ìrìn Aragorn, Legolas àti Gimli lẹ́yìn àwọn tí ó jí Merry àti Pippin gbé, mo máa ń ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn, nítorí pé ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n sá kọjá ni ó ń mú kí n mọ ohun tí àárẹ̀ wọn jẹ́. Ó yẹ kí a rántí pé ìṣirò Fonstad ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Tolkien. Níbi tí ìtàn bá ti dákẹ́, òun ni ó pinnu ibi tí òkè yóò dúró sí, ìpinnu náà sì máa ń bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ìpinnu òǹkàwé ni.

Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tún hàn kedere nínú ọ̀wọ́ The Wheel of Time. Robert Jordan gbé ìdìpọ̀ kìíní jáde ní 1990. Ó kú ní 2007 kí ó tó parí iṣẹ́ náà, Brandon Sanderson sì lo àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ láti kọ ìdìpọ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, tí èyí tí ó jẹ́ ìkẹrìnlá fi jáde ní 2013. Ìwé atọ́nà ńlá méjì ni ó wà fún un, wọn kò sì jọra rárá. Ti 1997, tí Jordan àti Teresa Patterson ṣe, jáde lẹ́yìn ìdìpọ̀ keje, nígbà tí ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ dà bí onímọ̀ kan tí ń gbé inú ayé náà, tí kò rí gbogbo nǹkan, tí ó sì lè ṣi nǹkan gbọ́. Ti 2015, tí a pè ní The Wheel of Time Companion, jáde lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, láti ọwọ́ Harriet McDougal, tí ó jẹ́ ìyàwó Jordan àti olóòtú àwọn ìwé rẹ̀, pẹ̀lú Alan Romanczuk àti Maria Simons tí wọ́n bá Jordan ṣiṣẹ́. Inú àkọsílẹ̀ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wá, kódà àwọn ọ̀rọ̀ Èdè Àtijọ́ tí ó dá sílẹ̀ wà níbẹ̀ ní àtòjọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kí a ju ti 1997 nù, níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ó péye ti wà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ti 2015 sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ti 1997 sọ ohun tí ọ̀mọ̀wé kan nínú ayé náà lè mọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì gidigidi nínú ọ̀wọ́ tí ó ń fi gbogbo ìgbà fi hàn wá bí ìmọ̀ ṣe ń bàjẹ́ bí ó ti ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu mìíràn àti láti sànmánì kan sí òmíràn. Bí a bá fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni a ti ń rí ohun tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà kò lè mọ̀ nípa ara wọn.

George R. R. Martin ni ó gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí lọ jìnnà jù lọ. (Ẹni tí kò bá tíì ka ìdìpọ̀ kẹta A Song of Ice and Fire, kí ó jọ̀wọ́ fo ìpínrọ̀ yìí.) The World of Ice & Fire, tí òun pẹ̀lú Elio M. García àti Linda Antonsson ṣe ní 2014, jẹ́ ìwé tí ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Maester Yandel kọ láti fi ta ọba lọ́rẹ. Ní ojú ewé ìfilọ́lẹ̀, a rí i pé orúkọ Ọba Robert ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti pa á rẹ́ láti fi orúkọ àwọn tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ sí i. Ojú ewé kan ṣoṣo yìí ti sọ bí a ó ṣe ka gbogbo èyí tí ó kù: ọkùnrin yìí ń kọ̀wé sí ààfin tí ìdílé Lannister ń darí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti pa àwọn ọmọ kéékèèké Princess Elia nínú ààfin, ó ní a kò mọ ẹni tí ó pa wọ́n, ó sì gbé àhesọ kan síwájú pé ó lè jẹ́ ìyá wọn ni. Ẹni tí ó bá ti ka A Storm of Swords, ìwé ọdún 2000, mọ ẹni tí ó pa wọ́n, ó sì mọ olúwa tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀rù àti ẹ̀tàn ààfin wà nínú gbólóhùn Yandel yẹn ju inú ọ̀pọ̀ ìran ìjà lọ. Ẹni tí ó bá wá ka ìwé náà bí ẹni tí ń ka ìwé atúmọ̀ èdè yóò gba irọ́ náà sórí, yóò sì máa tún un sọ fún ẹlòmíràn bí òtítọ́.

Fire & Blood, tí Martin gbé jáde ní 2018, tún lọ síwájú sí i. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Archmaester Gyldayn, ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òun náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń ròyìn ṣẹlẹ̀. Fún ogun abẹ́lé ìdílé Targaryen, ó gbára lé àlùfáà kan, Septon Eustace, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Aegon, ọ̀kan nínú àwọn tí ń du oyè, lé ìwé ọ̀mọ̀wé Munkun, àti lé ìtàn Mushroom, apanilẹ́rìn-ín ààfin tí kò sí ìdọ̀tí tí kò lè sọ. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá takora, Gyldayn yóò to ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún wa nígbà púpọ̀. Mo kà á tán, mo sì rí i pé Martin ti sọ òǹkàwé di òpìtàn.

Ìṣòro tí kò ṣeé gbójú fò ni ti títú àṣírí ìtàn. Ìwé tí ó to orúkọ ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì kì í bìkítà nípa ibi tí òǹkàwé dé. Ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ ìyá ọmọbìnrin kan yóò bá ikú ọmọbìnrin náà pàdé ní ìlà kìíní. Nígbà tí mo bá ń ka ọ̀wọ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ó wà nínú ìdìpọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo máa ń lò: máàpù iwájú rẹ̀, àlàyé ọ̀rọ̀ tí Jordan ń fi sí ẹ̀yìn, tàbí àtòjọ àwọn ìdílé tí Martin ń fi parí ìwé rẹ̀. Òǹkọ̀wé ti wọn ìwọ̀nba tí ó yẹ kí a mọ̀ dé ibẹ̀. Bí ìwé atọ́nà bá jáde lẹ́yìn ìdìpọ̀ tí mò ń kà, mo máa ń fi í sílẹ̀ títí n óò fi dé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé.

Àtòjọ ọdún náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ó ń mú kí ènìyàn fẹ́ ka ìtàn ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Nínú ìwé méje Narnia tí C. S. Lewis kọ láti 1950 sí 1956, The Magician's Nephew ni ó sọ bí ayé náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 1955 ni ó jáde, ìkẹfà ni ó sì jẹ́. Ẹni tí ó bá fi í ṣáájú yóò mọ orísun fìtílà inú yìnyín kí ó tó rí fìtílà náà, ìyanu ibẹ̀ yóò sì ti lọ. Bí òǹkọ̀wé ṣe gbé ìwé jáde ni kí a kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Kí àtòjọ ọdún dúró di ẹ̀ẹ̀kejì.

Ní ti ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn olólùfẹ́ ìtàn jọ ń kọ, mo ń lò wọ́n, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Àǹfààní wọn ni pé a lè tún wọn ṣe lọ́jọ́ tí ìmọ̀ bá yí padà, èyí tí ìwé títẹ̀ kò lè ṣe láìsí ẹ̀dà tuntun: ìwé atọ́nà Discworld tí Terry Pratchett àti Stephen Briggs ṣe ní 1994 ni wọ́n ń tún tẹ̀ títí di 2012, síbẹ̀ ọ̀wọ́ náà tún gùn ju ú lọ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni bóyá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ ìdìpọ̀ àti orí tí ó ti wá, àti bóyá wọ́n ya ọ̀rọ̀ inú ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ inú fíìmù. Ibi tí wọ́n bá ti pa méjèèjì pọ̀, n kì í gbára lé e.

Ìwé tí mo tún fi ń bá gbogbo wọn rìn ni èyí tí mo ń kọ fúnra mi bí mo ti ń kàwé. Orúkọ ni mo máa ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé, ohun tí wọ́n sọ nípa ẹni náà, àti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, nítorí pé ohun tí ọ̀tá sọ nípa ọba kò ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ. Mo tún máa ń kọ ìbéèrè tí ìtàn kò tíì dáhùn. Nígbà tí mo bá parí ọ̀wọ́ náà ni mo tó ń ṣí ìwé atọ́nà, n óò sì wá orúkọ wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan. Níbi tí àkọsílẹ̀ mi àti tirẹ̀ bá ti bára mu, mo ń kọjá. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, mo ń padà sí ojú ìwé tí mo kọ sílẹ̀, mo sì ń tún ibẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ orí náà.